Orin Tó Kẹ́yìn Lórí Àwo Wa

Ọ̀rẹ́ mi Jákẹ́ẹ̀tì,

Mo kí ọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, mo sì kí àwọn ará ilé rẹ. Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ṣú sì ti fún ọ ní ìsinmi. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín, wàá ní, "Alágboòrùn tún ti bẹ̀rẹ̀." Rẹ́rìn-ín tán, kí o wá gbọ́ mi. Ẹni ejò bù jẹ rí, ekòló ń bà á lẹ́rù, àmọ́ ejò gan-an lèyí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, rí àwo orin sinimá wa nínú àpótí. O rántí sinimá náà, ti àwọn ọ̀dọ́ onígìtá tó ń gun alùpùpù, tí gbogbo wa torí ẹ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ nínú oòrùn tó lè se ẹyin. Nígbà tí gìtá àkọ́kọ́ ké, ẹnu ọ̀nà ni mo wà. N kò ní purọ́ fún ọ, mo jó. Gìtá yẹn ṣì ń ké bí irin tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́, ìlù ṣì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, akọrin sì ń kọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín wọn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹgbẹ́. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ra jákẹ́ẹ̀tì dúdú, wọ́n sì ń to alùpùpù síwájú ilé mi. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Àmọ́ orin tó kẹ́yìn ni wọ́n ń tún gbọ́ ṣáá, wọ́n ní orin ayọ̀ ni. Wọn kò wo sinimá náà rí, kò sì síbi tí wọ́n ti lè rí i mọ́. Àwo kì í fi àwòrán hàn. Wọn kò mọ̀ pé ìgbà tí orin yẹn ń dún ni aṣíwájú àwọn ọ̀dọ́ inú sinimá náà já sódò.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí o sọ fún wọn nígbà tí o wá kí mi: bí a ṣe máa ń fi alùpùpù sáré lórí afárá lóru láìtan iná, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á yọ gílóòbù iná iwájú, á fi fún ẹni tó fẹ́ràn jù kó bá a tọ́jú rẹ̀, kí ìbẹ̀rù má bàa mú un tanná lójú ọ̀nà. O sọ ọ́, ó dùn. O kò sọ ti Ọ̀pẹ, ọ̀rẹ́ wa gíga, tí gílóòbù tirẹ̀ wà lórí tábìlì ìyá rẹ̀ títí ìyá náà fi kú. Nígbà tí wọ́n bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀ rẹ, o ní bọ́ọ̀lù ni.

Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà ṣe é, ẹ ṣì ń mí." Jọ̀wọ́, wá. Ká ṣòkòtò rẹ sókè kí wọ́n rí ẹsẹ̀ yẹn, kí o sì dárúkọ Ọ̀pẹ fún wọn. Wọ́n ní Sátidé ni àwọn náà máa lọ sáré lórí afárá.

Kí ewu má wu ilé rẹ. Kí ọwọ́ ọmọ sin wá, kí ọwọ́ wa má sin ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Alágboòrùn

Àfikún: N kò tíì lẹ lẹ́tà yìí tí ọmọ náà fi wọlé, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ó fi nǹkan kékeré kan tó fi áńkáṣíìfù wé lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀," ó sì jáde. N kò tíì tú u. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, dígí ni. Wọn kò dúró de Sátidé mọ́, oòrùn sì ti ń wọ̀. Awakọ̀ ojúlé kejì ló ń sáré gbé lẹ́tà yìí bọ̀. Má wá sílé mi mọ́. Afárá ni kí o máa lọ, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù.