Ọṣẹ Lábẹ́ Ọ̀rá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọ̀gá Omi, olórí yàrá ìwádìí wa, pinnu bóyá wọ́n máa gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Iṣẹ́ mi ni kí n fi sípíríìtì àti omi gbígbóná fọ àwo pẹrẹsẹ. Ọṣẹ — èèwọ̀. Ọ̀gá á bu omi sí i, wọ́n á kán ọ̀rá lé e, ọ̀rá á tẹ́ sójú omi bí awọ tí ojú ò rí. Wọ́n á fi ọ̀pá sún un jọ. Ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà sọ bí ọ̀rá ṣe ń ta kú tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ìyá Ọ̀gá gbé oúnjẹ wá. Ọ̀gá ti jáde. Màmá wo inú àwo: "Inú èyí lọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́? Ó ń yọ̀!" Kí n tó dìde, ọṣẹ abọ́ ti ń hó. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ —" Wọ́n ní kí n jókòó, pé ó ti rẹ̀ mí.
Mo tún un fọ̀ nígbà tí wọ́n lọ. Ọṣẹ ti wọ kọ̀rọ̀ igun rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6
A ò tíì sún ọ̀pá, nọ́ńbà ẹ̀rọ ti ń gòkè. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ. Wọ́n wo ọwọ́ mi.
Báwo lèèyàn ṣe ń fẹjọ́ ìyá sun ọmọ?

Ọjọ́bọ̀, 7
"Ta ló fi ọṣẹ fọ àwo mi?" Mo ní èmi kọ́, sà. "Àwa méjì la wà níbí. Àbí èmi ni?" Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé.
Ìyá mi ní kí n sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má sọ ọ́, ìyá oníyàá ni. Wọ́n lọ sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mò ń kó ẹrù. Ọ̀gá ṣì ń sún ọ̀pá. Inú ò bí wọn mọ́, ẹnu ló ń yà wọ́n. Wọ́n ní kí n wá wò ó. Ọṣẹ ń ti inú omi gòkè, ó ń fún ara rẹ̀ sáàárín ọ̀rá, òun ló ń gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ sókè. Tí ọ̀pá bá fún un le, ọṣẹ á sá padà sísàlẹ̀. Ọ̀rá ò ríbi sá sí; kò lè wọnú omi.
"Ọṣẹ wo ni?"
"Ti abọ́ ni, sà."
"Ta ló lò ó?"
"Ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."
Wọ́n tẹ fóònù. Mo gbọ́ ohùn Màmá nínú fóònù: "Èmi ni o! O ò tiẹ̀ dúpẹ́!"
Ọ̀gá jókòó. Wọ́n ní kí n gbé ẹrù mi kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11
Wọ́n gbà mí. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá àwo, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n sì jáde.
Màmá ti dé. "Ọmọ dáadáa, ṣílẹ̀kùn. Mo mú ọṣẹ tó dáa ju ti ìjọsí lọ wá."
Mò ń kọ èyí. Wọ́n ṣì ń kanlẹ̀kùn.