Aago Ládàánì Òsì Kò Purọ́ Mọ́

Ilé Ládàánì,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Òsì-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹta ọdún Ìtunu Ààwẹ̀, 2003.

Sẹ̀kínát, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Èkó tí o wà. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ bánkì ń lọ déédéé? Bí o bá béèrè wa, a dúpẹ́, ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní àǹfààní tirẹ̀ nítorí òun ni a fi ń mọ ọjọ́ tí a óò sá ẹ̀gẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sunkún ara wa. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́. Ẹni tí yóò bà ọ́ lórúkọ jẹ́ níwájú ọ̀gá rẹ, ètè rẹ̀ yóò lẹ̀ pọ̀. Àmín.

Ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ ti bímọ mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì ń fò kiri. A ti kun mọ́sálásí ní àwọ̀ ewé, ọ̀dà kò tó, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba iwájú wọlé kò ní mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé bàbá rẹ ṣì ni ládàánì Òsì. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá ń ka ìyókù.

O mọ aago ọwọ́ mi, èyí tí mo fi ń mọ àsìkò ìrun. Nígbà tí ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ mi bá ń fà, òróró ni mo ń ta sí i. Maṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ náà, òróró ni. Ni mo bá fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn aago, mo ta àdín sí i, àdín tó mọ́ tónítóní o, èyí tí ìyá rẹ fi ń pa ara, mo sì pa á dé. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ń lé àwọn wákàtí tó ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn bá ni.

Ọjọ́ kọkànlá ààwẹ̀, ojú ọjọ́ ṣú, a kò rí oòrùn láti ọ̀sán. Mo wo aago, ó ní àsìkò ìṣínu ti tó. Mo gòkè, mo pe ìrun, ohùn mi sì dùn lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà lọ. Gbogbo àwọn aláàwẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbóná sẹ́nu. A kò tíì jẹ àkàrà kejì tí ìkùukùu fi là, tí oòrùn yọjú lókè ọ̀pẹ, tó ń wò wá. Sẹ̀kínát, gbogbo èèyàn jókòó pẹ̀lú àkàrà lẹ́nu, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé e mì tàbí kí wọ́n tu ú dànù. Ìyá Lèmọ́mù gbé tirẹ̀ mì. Ó ní òun kò lè fi àkàrà ṣòfò nítorí aago èmi Yáyà.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ iyán tí ìyá rẹ gún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Mùhámmẹ́dù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti Àbújá dé, ti ń sọ kiri pé ayé ti kúrò níbi aago, pé òun ní fóònù tí àsìkò inú rẹ̀ ń ti òkè wá tààrà, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa pe ìrun. Àwọn ọ̀dọ́ gbè é lẹ́yìn. Lèmọ́mù ní kí n fara balẹ̀, pé òun yóò máa fojú wo oòrùn fúnra òun títí di Jímọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí aago mi bá tọ́ lọ́jọ́ náà, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bí kò bá tọ́, kí n gbé e fún Mùhámmẹ́dù. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń jí ìlú yìí. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún kù sí? Àgbẹ̀ arúgbó lásán.

Mo bi Mùhámmẹ́dù bí àsìkò ṣe ń wọ inú fóònù. Ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọọ̀kì kò sí ní Òsì àfi téèyàn bá gun àpáta tó wà lẹ́yìn oko wa. Mo wá bi í pé bí àsìkò bá gbéra ní Èkó, tó gba Ìbàdàn, tó gba Adó, tó tún wá gun àpáta, ṣé kò ní ti pẹ́ kó tó dé?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá mi tún aago ṣe, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìdó. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó fi awò kékeré há ojú kan, ó ṣí aago mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́kì. Ó ní kí n fi sílẹ̀, kí n padà wá lọ́jọ́ keje. Mo ní kí ó ṣe é lójú mi. Ó ní òun kì í lè ṣiṣẹ́ bí èèyàn bá ń wo òun. Ara fu mí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún ojú. Mo gba aago mi.

Èyí tó wà ní Ọyẹ́ fi ẹ̀rín pàdé mi, ó ń pè mí ní Àlàájì, èmi tí n kò tíì fojú kan bàálù nílẹ̀ rí. Ó ní aago náà kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀wọ̀ tí òun ní fún mi, òun yóò gbà á, òun yóò sì fi tuntun tó ń tan iná rọ́pò rẹ̀, n kò ní san kọ́bọ̀. Mo wò ó. Ta ló ń fi ààyè ewúrẹ́ gba òkú ewúrẹ́? Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti rí nǹkan nínú òkú ewúrẹ́ náà ni. Mo kí i pé ó ṣeun, mo sì jáde.

Ó ku ọjọ́ méjì kí Jímọ́ pé nígbà tí mo dé Ìkọ̀lé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Victoria ní ìsọ̀ aago àti góòlù níbẹ̀. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣọ́ ọjà ni. Nígbà kẹta mo dúró, mo béèrè pé ọ̀gá dà. Ó ní òun ni ọ̀gá, pé iṣẹ́ bàbá òun ni, òun sì ti wà nídìí rẹ̀ láti kékeré. Mo wo ìka rẹ̀. Kò gbọ̀n.

Síbẹ̀ n kò fún un ní aago. Bàbá rẹ ti gbọ́n nígbà náà. Ṣéènì góòlù ìyá rẹ tó ti já láti ọdún mélòó kan wà lápò mi, òun ni mo fẹ́ fi dán an wò, nítorí a ti gbọ́ pé àwọn kan a máa gé díẹ̀ lára góòlù tí ojú kò fi ní mọ̀ ọ́n. Ojú lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀n mọ̀ ọ́n. Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Ọlátúnjí lọ, ẹni tó ń ra kòkó ní Ìkọ̀lé, mo ní kí ó bá mi gbé ṣéènì náà sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá gbé e sórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n dúró sórí òdo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé òdo. Mo gbé ṣéènì lọ fún Victoria, ó fi iná kékeré jó o pọ̀ lójú mi, ó nù ún, ó ń dán. Mo sáré padà lọ bá Ọlátúnjí, a tún gbé e sórí ìwọ̀n. Òdo! Sẹ̀kínát, obìnrin náà kò mú ohunkóhun. Bó ṣe lọ gẹ́lẹ́ ló ṣe bọ̀. Ọlátúnjí jókòó sórí àpò kòkó, ó ń nu omijé ojú. Mo mọ̀ pé òótọ́ inú obìnrin náà ló wọ̀ ọ́ lára bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó bọ́ aago lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó gbé e símú, ó béèrè pé ta ló da àdín sí i. Mo jẹ́wọ́. Ó fi awò rẹ̀ sí mi lójú, mo rí irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó ká kòrókòró, ó ní àdín ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tí aago fi ń sáré, pé kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, kí a sáà fọ̀ ọ́ ni. Ó lè pe ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin Ìdó wí ní orúkọ tó bá wù ú o, ta ni mo fẹ́ bi? Òótọ́ ló sọ fún mi. Ó tún ní aago ń fẹ́ òróró lóòótọ́, àmọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kàn án. O rí i pé bàbá rẹ kò jẹ̀bi ní ti òróró. Ó kàn pọ̀ díẹ̀ ni.

Ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́ títí di Alásàrí, mo jókòó tì í. Nígbà tó parí, ó mú ìwé kan jáde, ó ní kí n fọwọ́ sí i, pé gàràǹtí oṣù mẹ́fà ni. Mo ní lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ṣé oṣù mẹ́fà péré ló kù fún aago náà láyé? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó wo irùngbọ̀n funfun mi kí ó fi kún un. A fà á títí, ó sọ ọ́ di oṣù méjìlá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tọ́jú ìwé náà sáàárín Kùránì mi. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù náà pé, n óò tún lọ bẹ̀ ẹ́.

Jímọ́ wá pé. Lèmọ́mù gbé rédíò rẹ̀ síwájú mọ́sálásí, èrò pé bìbà. Ó ní kí Mùhámmẹ́dù kọ́kọ́ sọ àsìkò. Iná kò sí ní Òsì láti ọjọ́ mẹ́rin, fóònù ti kú, àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ fi jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ gba iná. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn, ó kọrin, ó dákẹ́. Mùhámmẹ́dù ń wò ó, òógùn bò ó. Lèmọ́mù béèrè pé kí ni fóònù wí. Ó ní fóònù ń bi òun pé aago mélòó ló lù.

Ọmọ mi, ariwo tó sọ níbẹ̀! Àwọn ọ̀dọ́ tó gbè é lẹ́yìn gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mùhámmẹ́dù rìn wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ aago kí òun lè sọ fún fóònù. Mo na ọwọ́ mi sí i, kí ó fojú ara rẹ̀ wò ó. Ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù lọ́wọ́ ni rédíò Lèmọ́mù ti kéde pé aago kan ti lù, orí kan náà sì ni aago mi wà gbọn-in. Mo gòkè, mo pe ìrun. Mo pè é débi pé àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ.

N kò bá Mùhámmẹ́dù ṣọ̀tá o. Mo ti ní kí ó máa gbé fóònù rẹ̀ wá láràárọ̀ kí ó wá wo aago. Bánkọ́lé tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ańgílíkà náà ti gba ẹ̀yìnkùlé wá bá mi, ó ní aago ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ti dúró. Torí náà ní Òsì lónìí, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń kọrin, ọrùn-ọwọ́ bàbá rẹ ni wọ́n ń wò. Ìyá rẹ kò bọ́ ṣéènì rẹ̀ mọ́, ó ń fi í lọ sóko.

Wàyí o, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ti ọ̀dà ẹ̀yìn mọ́sálásí, ti oògùn orúnkún ìyá rẹ, àti ti ẹyẹ awó tí mo fẹ́ rà fún Victoria. Má ṣe mú u nínú owó oṣù rẹ. Sọ fún ọ̀gá yín ní bánkì pé bàbá rẹ ni, kí ó mú u nínú èyí tí ẹ kó pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ná, mo gbọ́ pé ó pọ̀ níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò gbé ọ lékè àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O kò ní pẹ́ níbi tó yẹ kí o ti yá, o kò sì ní yá níbi tó yẹ kí o ti pẹ́. Bí Iléyá bá dé kí o wá, kí o kó àwọn ọmọ wá. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní oríta tí ẹ gbọ́ ohùn kan tó ń pe ìrun, kí o sọ fún wọn pé bàbá àgbà wọn ni. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yáyà, Ládàánì.