Má Dá Pákó Tó Ká Yẹn Padà

Sọ́ọ̀mìlì Ìdí-Arère,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kejì, 2009.

Mobáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù College Park ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún kò le jù? Ọlọ́run tó gbé ọ sọdá òkun kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀, ìwé tí o lọ kà kò ní sú ọ, ìròyìn ayọ̀ la ó máa gbọ́ nípa rẹ. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ, ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀díẹ̀, ohun tó ṣe é wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ohun tí o gbọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rín ni o, kì í ṣe ẹkún. Nígbà tí o sọ pé o kò dá síkì yẹn, pákó ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń yọ̀ lórí yìnyín yẹn, padà bí mo ṣe pàṣẹ, pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni o fi pamọ́ sí, pé ojú ló ń tì ọ́ tí o kò fi pè wá fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, mo bú sẹ́rìn-ín, n kò lè dúró mọ́, mo sì ń gbọ́ tí o ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún, kí káàdì tí o fi ń pè tó tán. Ẹ̀rù ń bà mí pé o lè lọ dá a padà láti fi tù mí nínú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè ọ́, obìnrin kan ló ń gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ní gbogbo ìgbà, pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Mo rán an sí ọ pé kí o má dá pákó náà padà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dáhùn ìkíni, ta ló mọ̀ bóyá ó máa jíṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Ọjọ́ tí fọ́tò síkì méjèèjì dé, tí Ṣeun tó ni káfè íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ọjà tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan tọ́, èkejì ká sókè níwájú àti lẹ́yìn, pé èyí tó ká ni o rà, torí òun ló dára ní pápá yìnyín tí wọ́n to irin àti òkìtì sí fún fífò, àti pé ìdíje àwọn ọmọ yunifásítì ń bọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. O ní ẹni tó tà á sọ pé síkì tó fẹ́ràn eré ni. Ọmọ mi, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta pákó, n kò rí èyí tó fẹ́ràn eré rí. Pákó tó bá ká lẹ́nu méjèèjì, tútù ni wọ́n là á tí oòrùn wá pa á, igi ìdáná ni. Mo ní wọ́n ti rí i pé àjèjì lọmọ mi, wọ́n ti ta igi ìdáná fún un, ó sì fẹ́ fi gun orí irin. Ni mo ṣe pariwo mọ́ ọ lórí fóònù pé kí o dá a padà, kí o lọ gba èyí tó tọ́.

Mo tiẹ̀ gbé pákó ọ̀gànwó méjì tó tọ́ dáadáa lọ sí pósítọ́fíìsì kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó wà nínú ẹrù, mo kọ ẹsẹ̀ ọmọ mi. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye tó tó, mo kọ pé ọmọ kò níye. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní kí n gbé pákó mi lọ sílé.

O kò wá pè mọ́. Àǹtí rẹ Oyinkán, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Largo nítòsí rẹ níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun á yà sọ́dọ̀ rẹ bí wọ́n bá ti fún òun láàyè. Bàbá rẹ ló wá sọ pé kàkà ká máa ronú, ká dán pákó tó tọ́ àti èyí tó ká wò.

Òkìtì ìyẹ̀fun igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ Rasaq, tó ń bá wa la igi, ti ga ju òrùlé lọ. Bàbá rẹ fi okùn so ọ̀gànwó tó tọ́ mọ́ bàtà, ó gun òkè, ó ní Bísímílà, ó sì ń yọ̀ bọ̀. Kò tíì dé ìdajì tí ẹnu pákó wọ inú ìyẹ̀fun lọ, tó sì jù ú nù bí àpò gàrí. Títí di ọjọ́ kejì la ń yọ ìyẹ̀fun létí rẹ̀, ìbàdí sì ń dùn ún. Mo ní ó yá, kí wọ́n so pákó arère méjì tó ká mọ́ èmi lẹ́sẹ̀, èyí tí mo fẹ́ tà fún alákàrà kó fi dáná. Mobáyọ̀, kò wọlẹ̀ o! Ó léfòó, ó ń gbé mi lọ. Nígbà tó dé àárín ó yí mi padà, mo wá ń fi ẹ̀yìn lọ, mò ń wo Rasaq lókè tó káwọ́ lérí, ẹnu ẹ̀yìn tó ká náà kò sì gún ilẹ̀ rárá. Ìdúró ni mo dé ìsàlẹ̀. Mo tún gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìgbà yẹn ni àyà mi wá já, torí èmi ni mo pàṣẹ pé kí o gba èyí tó ń ju èèyàn nù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ mi ti ya aláìgbọràn. Alhamdulilahi, o yà á. N kò mọ̀ pé àìgbọràn ọmọ lè tu ìyá lára tó báyìí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ṣòkòtò bàbá rẹ ti ya, ó sì ń fẹ́ òróró fún ìbàdí. Èyí tó bá kù, mo fẹ́ fi ra gbogbo pákó tó ká lọ́wọ́ Rasaq kó tó gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ogójì irú pákó bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀, bi ẹni tó tà á fún ọ bóyá ó máa kó wọn. Bí bánkì bá béèrè ìdí tí o fi ń fi owó ránṣẹ́, kọ ìbàdí bàbá mi.

Ọmọ mi, mo mọ pákó, ibi tí o wà ni n kò mọ̀. N kò rí yìnyín rí, n kò mọ ẹni tó máa gbé ọ nílẹ̀ bí o bá ṣubú, ẹ̀rù yẹn ló di ariwo lẹ́nu mi. Má bínú sí mi. Lọ sí ìdíje rẹ pẹ̀lú èyí tí o fi ojú ara rẹ yàn. Ọlọ́run á gbé ọ sókè, á sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá ṣubú, kọ́kọ́ dìde ná kí o tó pè mí. Ṣùgbọ́n ṣáà pè mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀ríámọ̀.