Àtíkè Ọrùn Mi Ti Lé Ìyàwó Mi Nílé

Olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú òtútù Jos. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọjà Farin Gada ni mo ti ń ta àlùbọ́sà.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ. Lóṣù tó kọjá, wanzami tó ń gẹrun fún mi fi abẹ bó mi lọ́rùn, ló bá da àtíkè sí i kó má baà yún mi. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọ bá dé, ọrùn náà là ń fi àtíkè sí. Bí mo ṣe wọ ọjà, Ìyá Ojúọlápé tó ń ta tòmáàtì figbe ta: "Ìyàwó ti bí! Barka!"

Mo ní, "Wanzami ló fi sí i." Wọ́n ní ojú ló ń tì mí.

Kí n tó dé Dogon Dutse tí à ń gbé, ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Ìyàwó mi tí kò lóyún bi mí pé, "Ta ló bí i fún ẹ?" Mo mú un lọ bá wanzami, ìyẹn jẹ́rìí mi, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ó kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kuru.

Ìyá mi ló wá sú mi jù. Ó gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wọkọ̀ wá. Mo búra títí, ó bú sẹ́kún: "Ọkọ mi, ibi yòówù kí o bí i sí, ọmọ wa ni. Jẹ́ kí n rí i."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láàárọ̀ yìí, ìyá mi tún ń bèèrè orúkọ tí a sọ ọmọ náà.