Toheebat Ojú Pátákó

Ilé Àwọn Olùkọ́,
Ìwòyè-Kétu,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
4 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Morádéyọ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Má bínú pé ìwé lò ń rí gbà. Mo pè ọ́ títí, ṣùgbọ́n fóònù mi tún ti bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibodè wa lọ, ó ń kí mi káàbọ̀ ní èdè Faransé nínú yàrá ara mi.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí Toheebat, ọmọ Nímọ́tà tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa? Ìwọ lo kọ́ ọ ní ìṣirò kí wọ́n tó gbé ọ lọ sí Ìlaròó.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ aláàánú kan wá láti ìlú ńlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọ oko náà mọ kọ̀ǹpútà lò bí ọmọ ìgboro. A kun yàrá kan. Àwọn ìyá se ìrẹsì. Bàbá Fágbénró, tí kì í bá àwa olùkọ́ rẹ́rìn-ín, dìde, wọ́n wúre pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ọmọ àwọn yóò fi rin ayé já. Kọ̀ǹpútà dé lóòótọ́, wọ́n tò ó rẹrẹ sórí tábìlì. Wọ́n fi Toheebat jókòó síwájú ọ̀kan, ni ayàwòrán bá ń pariwo pé, "Ẹ má tẹ nǹkan kan o! Ẹ kàn gbọ́wọ́ lé e, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Ìrẹsì tán báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà padà sínú ọkọ̀. Mo bi ọ̀gá wọn pé kí ló dé. Ojú ò tilẹ̀ tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà, àwọn ará ìlú Ìmàṣàyí náà ń dúró de kọ̀ǹpútà yìí lọ́la." Orúkọ wọn tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn nìkan ló ṣẹ́kù fún wa. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀ báyìí.

Ẹni a ní kó féni lójú ló fata sẹ́nu. Wọ́n tún lọ gbé àwòrán Toheebat sára pátákó gàgàrà kan lójú ọ̀nà Ayétòrò, tòun tẹ̀rín, tòun tọwọ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti mú ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ìgbèríko. Irọ́ burúkú! Ó kó mi nírìíra.

Ìdánwò àtiwọ yunifásítì dé, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ yẹn lórí pípé. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi máòsì darí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà. Ó nawọ́, ó bẹ obìnrin tó ń ṣọ́ wọn pé kó fi han òun. Obìnrin náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wà lójú pátákó yẹn ni? Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n lò báyẹn!" Ó sì kọjá lọ. Àkókò tán kí Toheebat tó dáhùn ìdajì ìbéèrè. Ó fìdí rẹmi.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń gbé gàrí lọ sí Ayétòrò, tí ọkọ̀ bá ti súnmọ́ pátákó yẹn, ńṣe ló máa ń tẹrí ba. Ìyá rẹ̀ ní bó bá tún kùnà lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá jókòó ti agbada gàrí. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, ìwọ lo ní. Toheebat fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá. Mo ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí o ó fi kà á tán. Kì í yájú, ó sì mọ iṣẹ́ ilé ṣe. Jọ̀wọ́, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ títí di ìdánwò.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ìbejì. Lẹ́yìn náà, gbé kọ̀ǹpútà rẹ síwájú ọmọ yìí, kí o sì sọ fún un pé kó tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ títí,
Ìtẹ́olúwakìíṣí.