Ìka Tí Mo Tẹ̀ Sórí Ìwé Mọ́ṣáláṣí

Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Ajé.

Lùkúmàn ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé l'Ékòó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ò fòòró rẹ? Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, ṣùgbọ́n èmi, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi láti ọjọ́ mẹ́rin.

Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ló wá wọn ọ̀nà Ejinrin. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ síwájú mọ́ṣáláṣí wa, ọkùnrin kan di ojú kan, ó ń fi èkejì wo inú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé fọ́tò ni. Mo sáré wé láwàní, mo dúró gbọin. Ó juwọ́ sí mi pé kí n sún, mo sún, ó tún juwọ́, mo tún sún, ó kù díẹ̀ kí n já sí gọ́tà. Nígbà tí wọ́n ní kí àgbà mọ́ṣáláṣí tẹ̀ka síwèé òyìnbó kan, ṣebí èmi ládánì ni àgbà tó wà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kí fọ́tò wa má baà sọnù.

Ọmọ mi, ìwé pé kí wọ́n wó mọ́ṣáláṣí ni! Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n dá. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri.

Nígbà tí jámáà pé jọ lórí ọ̀rọ̀ náà, Lèmọ́mù Yísà ní ilẹ̀ tí a bá ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun, a kì í tà á, a kì í fi í tọrẹ, pé èmi ni mo ni ìka, n ò ni ilé Ọlọ́hun. Àáfà Síkírù ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé Ìmáàmù Màlíkì tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé, bí ọ̀nà bá há mọ́ àwọn Mùsùlùmí, a lè bù fún un lára mọ́ṣáláṣí, àbí a ti gbàgbé ẹsẹ̀ Sèlíátù ẹlẹ́ja tí lọ́rì rún mọ́ ògiri yẹn ni? Lèmọ́mù ní òun ò gbàgbé, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa nílẹ̀ mìíràn, àti pé pákó àti páànù mọ́ṣáláṣí yìí ò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni, àfi mọ́ṣáláṣí tuntun. Fàsásì ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n kúkú gé ìka bàbá Lùkúmàn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé ó ti kúrò lórí ìwé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí mo pe ìrun, èèyàn mẹ́rin péré ló wá.

Jọ̀ọ́, lọ bá ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ náà l'Ékòó. Má bá a jà. Bí wọn ò bá lè yẹ ọ̀nà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fún wa nílẹ̀ kí wọ́n tó mú ọkọ́ dání. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra pákó kún ti àtijọ́, n ò lè dojú kọ jámáà lọ́wọ́ òfo.

Bí o bá dé tí o bá ilẹ̀ lásán, má dúró sunkún. Fetí sílẹ̀. Ibi tí o bá ti gbọ́ ohùn mi, ibẹ̀ la kó pákó mọ́ṣáláṣí wa lọ.

Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe ohun tí ojú rẹ ò rí.

Bàbá rẹ,
Sàlímọ́nù Ládánì.