Ẹ Yọ Ilé Ìyá Mi Kúrò Nínú Ìwé Iye Ilé

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Adébùsóyè,
Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Ṣèwádìí Iye Owó Ilé,
Alágbàká,
Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNṢE SÍ IYE OWÓ ILÉ NÍ ISIKAN, OṢÙ KẸRIN

1. Oṣooṣù ni mo ń ka ìwé tí ẹ fi ń kéde iye tí wọ́n ń ta ilé ládùúgbò kọ̀ọ̀kan ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Nínú ti oṣù Kẹrin, ẹ ní ilé oníyàrá mẹ́rin ní Isikan, Àkúrẹ́, ti wálẹ̀ láti mílíọ̀nù méjìdínlógún náírà sí mílíọ̀nù méjì. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n tà níbẹ̀ lóṣù náà. Èmi ni mo tà á. Ilé ìyá mi ni.

2. Ọláyẹmí, ayálégbé wa, ni mo tà á fún. Nígbà tí ojú ìyá mi fọ́, èmi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó níhìn-ín; Ọláyẹmí ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kí Màmá tó kú, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé Ọláyẹmí jáde. Ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ fún un nílé náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹbí ní kí ó san nǹkan díẹ̀, kí ó sì gba rìsíìtì, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà bá a du ilé lọ́la. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ló san.

3. Bàbá Kìtán, aránṣọ ní Ọjà Ọba, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, fẹ́ ta tirẹ̀ kí ó lè ra yàrá méjì nítòsí ọmọ rẹ̀ ní Oǹdó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ẹni tó ti gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún mú ìwé yín wá, ó ní mílíọ̀nù mẹ́rin lòun yóò san. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé, ó sì jókòó.

4. Ní Sátidé tó kọjá, Ọláyẹmí wọ mọ́tò wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó ní: "Tíṣà, ẹ gba ilé yín. Mi ò lè máa gbé inú ohun tó ba ti Bàbá jẹ́." Mo sunkún. Mo dá a padà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ti ń di ẹrù.

5. N kò ní kí ẹ purọ́ nítorí wa. Òótọ́ ni rìsíìtì tí òṣìṣẹ́ yín rí, àmọ́ iye ilé kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá ṣeni lóore, ọpẹ́ là á dá; ọpẹ́ ni mo dá. Ìwé ẹ̀rí àwọn àgbà ẹbí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ilé náà kúrò nínú ìṣirò yín kí ìwé oṣù yìí tó jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ iye tí Ọláyẹmí san gan-an, ọdún mẹ́sàn-án tó fi ṣe ojú fún ìyá mi ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín,
Wúràọlá Akínlolú (Ìyáàfin),
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì.